Ta Ni Ó Wà Nínú Ẹ̀kú? Ìtàn Ìgbésí-Ayé Gbajúmọ̀ Nínú Ìwé Ìmọ̀ Orí Ayélujára

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò jìnnà sí ilé. Láti àdúgbò tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ajégúnlẹ̀, ìrìn díẹ̀ ni a máa ń rìn kọjá Boundary kí á tó bọ́ sí Àpápá. Ní ìhà ọ̀hún, ilé ńláńlá wà láàárín igi, ọ̀nà èbúté sì wà níwájú. Ní ìhà tiwa, ẹni mẹ́jọ lè máa sùn nínú yàrá kan. Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ìsókó, Ùróbò, Ìgbò àti Yorùbá òkè ni ó jọ ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan náà. Nítorí èyí, ó ṣòro kí á rí ọmọ tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Orúkọ wà tí ìyá fi ń pè é nínú yàrá. Òmíràn wà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Òmíràn sì wà tí pápá bọ́ọ̀lù fún un. Ẹni tí ó bá pe orúkọ inú yàrá lórí pápá, ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Èmi náà ní mẹ́ta. Ẹ kò ní gbọ́ ju ẹyọ kan lọ lónìí.

Àṣà yìí ni àwọn olórin àdúgbò wa gbé dé orí rẹ́kọ́ọ̀dù. Daddy Showkey, tí ijó galala Ajégúnlẹ̀ ti ipasẹ̀ rẹ̀ di ohun tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, John Asiemo ni orúkọ rẹ̀. African China ń jẹ́ Chinagorom Onuoha. Mo dá orúkọ wọ̀nyí láìbẹ̀rù nítorí pé wọn kì í ṣe àṣírí. Àwọn oníròyìn ti tẹ̀ wọ́n jáde láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà lẹ́yìn orúkọ ìta ni ó rọrùn báyìí, òun náà ni ó sì gbé mi dúró síwájú yín.

Ìwé ìmọ̀ tí mo ń sọ ni Wikipedia, tí Jimmy Wales àti Larry Sanger dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001. Ẹ̀dà rẹ̀ tí ó wà ní èdè Yorùbá pe ara rẹ̀ ní ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́, ó sì ti ní àyọkà tí ó lé ní 30,000. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, ọ̀fẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó nìkan ni ó ń bá wí. Kò sọ ẹni tí yóò san gbèsè mìíràn. Ẹnikẹ́ni ni ó lè kọ̀wé síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè tún ohun tí a kọ kọ. Dípò olóòtú kan tí ó ní àṣẹ, òfin ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: kí òǹkọ̀wé má ṣe fi ìwádìí tirẹ̀ síbẹ̀, kí ó tọ́ka sí ibi tí ẹlòmíràn ti tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde, kí ó má ṣe gbè sí ẹ̀yìn ẹnìkan.

Òfin tí ó de ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà láàyè le ju èyí lọ, ó sì ní ìtàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2005, ẹnìkan tí kò fi orúkọ sílẹ̀ kọ ọ́ sínú àyọkà tí ó jẹ mọ́ John Seigenthaler, akọ̀ròyìn àgbà ní Amẹ́ríkà, pé wọ́n ti fura sí i rí nínú pípa Ààrẹ John Kennedy àti àbúrò rẹ̀ Robert. Irọ́ gbáà ni. Robert Kennedy gan-an ni Seigenthaler ti bá ṣiṣẹ́ rí. Irọ́ náà jókòó sójú ewé fún oṣù mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó yọ ọ́. Nígbà tí Seigenthaler kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ariwo ta, òfin sì tẹ̀lé e kí ọdún náà tó parí.

Ẹ ṣàkíyèsí pé irọ́ ni ó bí òfin náà. Ọ̀ràn tèmi, òótọ́ ni ó dá a sílẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ àyọkà lórí olórin tàbí eléré ìdárayá tí ó ti àdúgbò wọn jáde, dípò àròkọ tí èmi nìkan yóò kà tí eku yóò sì jẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yan olórin kan tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àyọkà náà dára. Ó to àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, ó ṣàlàyé bí ijó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì wá fi gbólóhùn kan kún un níbi tí ó ti ń sọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, pé bàbá tí olórin náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kọ́ ni ó bí i. Ìwé ìròyìn kékeré kan ti tẹ ọ̀rọ̀ náà rí. Akẹ́kọ̀ọ́ náà tọ́ka sí i gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Èmi ni mo ka àyọkà náà, èmi ni mo sì fún un ní máàkì tí ó ga jù nínú kíláàsì. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sí etí ìwé rẹ̀ pé ìwádìí náà jinlẹ̀.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ìyá olórin náà ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, ẹja gbígbẹ ni wọ́n sì ń tà ní ọjà Boundary láti ọjọ́ pípẹ́. Mo lọ. Mo ti to èsì sẹ́nu: mo fẹ́ bi wọ́n bóyá irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé bí ó bá jẹ́ irọ́, ọ̀nà wà tí a lè fi yọ ọ́ kíákíá. Wọn kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Kì í ṣe irọ́, ọmọ mi. Gbogbo ọjà yìí ló mọ̀. Bàbá rẹ̀ mọ̀ kí ó tó kú, ọmọ náà fúnra rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí ẹ sọ ọ́?"

Wọ́n ní ọmọ-ọmọ àwọn, tí kò ju ọdún mọ́kànlá lọ, ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ojú ewé náà hàn lórí fóònù nílé-ẹ̀kọ́. N kò rí èsì fọ̀. Ohun tí mo ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn láti ìgbà pípẹ́ nípa lítíréṣọ̀ wa, ìyá ẹlẹ́ja ni ó wá rán mi létí rẹ̀: pé mímọ̀ ọ̀tọ̀, sísọ ọ̀tọ̀.

Bí a bá wo Egúngún, a ó rí i kedere. Nínú agbo ilé tí eégún ti jáde, ta ni kò mọ ẹni tí ó wọ inú ẹ̀kú? Ìyàwó ilé tí ó se oúnjẹ fún un mọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọdé tí ó ń sá fún pàṣán mọ ohùn ikọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ará ọ̀run ni gbogbo wọn ń pè é. Kì í ṣe pé wọ́n gọ̀, wọn kò sì purọ́. Wọ́n jọ gbà láti má ṣe sọ ohun tí wọ́n jọ mọ̀ ni, nítorí pé bí ẹnìkan bá dárúkọ onítọ̀hún, ẹ̀kú yóò di aṣọ lásán, gbogbo ohun tí ẹ̀kú náà ń ṣe fún ìlú yóò sì bàjẹ́. Ìmọ̀ tí a mú mọ́ra kì í ṣe àìmọ̀.

Olórin kan wà ní Èkó níbí tí ó gbé ọgbọ́n yìí wọ orí ìtàgé òde òní. Láti nǹkan bí ọdún 1991 tí ó ti kó ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ jọ ni ó ti ń fi aṣọ bo ojú, tí ó sì ń fọn fèrè sasofóònù lábẹ́ rẹ̀. Lágbájá ni ó ń pe ara rẹ̀. Orúkọ náà gan-an jẹ́ ìbòjú: lágbájá, tàmẹ̀dò, lákáṣègbè, ọ̀rọ̀ tí a fi ń rọ́pò orúkọ ni. Ó ti ṣàlàyé pé nítorí mẹ̀kúnnù tí kò ní ojú tí kò sì ní ohùn láwùjọ ni òun ṣe bo ojú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí àyọkà rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ àbísọ rẹ̀ wà níwájú pátápátá. Àwọn tí ó kọ ọ́ kò rú òfin kankan. Àwọn ìwé ìròyìn ti tẹ orúkọ náà, nítorí náà ó yẹ ní kíkọ lójú tiwọn. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé n kò kọ ọ́ síhìn-ín. Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n.

Òfin tí ó ní kí á gba ẹ̀rí lọ́dọ̀ ìwé kí á má gbà á lẹ́nu olóhun máa ń so èso tí ó ya ni lẹ́nu. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, Philip Roth, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ lẹ́tà gbangba sí Wikipedia nínú ìwé ìròyìn The New Yorker. Wọ́n ti kọ ọ́ níbẹ̀ pé ìgbésí-ayé Anatole Broyard ni ó fún un ní ìmísí láti kọ ìtàn-àròsọ rẹ̀ The Human Stain, tí ó jáde ní ọdún 2000. Roth ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ òun Melvin Tumin, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Princeton, ni. Wọ́n dá a lóhùn pé ẹ̀rí òun nìkan kò tó, kí ó wá ibi tí ẹlòmíràn ti kọ ọ́. Ó di dandan kí ó kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tó lè di ìwé tí a lè tọ́ka sí. Ohun tí ó mú mi rẹ́rìn-ín jù ni pé ọkùnrin tí ó fi ìran rẹ̀ pamọ́ fún gbogbo ayé ni ìtàn náà dá lé lórí.

Èkó ti mọ irú eré yìí tipẹ́. Ní ọdún 1929, lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ayé rẹ̀, ó ń dárúkọ àdúgbò, ó ń ké ìrora. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́, wọ́n sì ń kọ̀wé nípa rẹ̀ sí ìwé ìròyìn náà. I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ni ó ń kọ gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1930 ó tẹ̀ ẹ́ ní ìwé odindi, ọ̀pọ̀ nínú àwa onímọ̀ lítíréṣọ̀ sì kà á sí ìtàn-àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ wà nígbà náà, Sẹ̀gilọlá ì bá ní àyọkà tirẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, pẹ̀lú ìwé ìròyìn tí a lè tọ́ka sí dáradára.

Ẹnìkan lè bi mí pé ṣé Yorùbá náà mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ṣé oríkì kì í tú àṣírí? Ìbéèrè gidi ni, n kò sì fẹ́ fo ó. Oríkì a máa sọ ẹni tí ó jẹ gbèsè, ẹni tí ara rẹ̀ ní àbùkù, ẹni tí ó sá lójú ogun. Karin Barber, tí ó gbé ní Òkukù tí ó sì kọ ìwé ńlá lórí oríkì àti àwọn obìnrin tí ń kì í ní ìlú náà, fi hàn dáadáa pé ohun tí kò buyì kún ni pàápàá ń bá oríkì rìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí a ń kì jókòó síbẹ̀. Ó ń gbọ́. Orí rẹ̀ ń wú. Bí ó bá bínú, akéwì ni yóò rí ìbínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. A mọ akéwì, a mọ ilé ọkọ rẹ̀, a mọ ilé bàbá rẹ̀. Lọ́la, bí ó bá tún ń kì í, ó lè fo ìlà tí ó dun onílé jù.

Nínú ìwé ìmọ̀ yìí, nǹkan ti dorí kodò. Òǹkọ̀wé lè fi orúkọ àdàpè bo ara rẹ̀, òfin ibẹ̀ sì ka títú irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ fó sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ẹni tí ń kọ̀wé ni ó wà nínú ẹ̀kú. Ẹni tí a ń kọ nípa rẹ̀ ni ó wà ní ìhòòhò láàárín ọjà. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń dáàbò bo òǹkọ̀wé, nítorí pé àwọn alágbára lè fi ìyà jẹ ẹni tí ó bá kọ òótọ́ nípa wọn. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń ta ẹja kì í ṣe alágbára.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ọ̀rọ̀ gírámà, nítorí pé níbẹ̀ ni èdè wa ti ní ohun tí ó lè sọ fún àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí òṣèré Elliot Page ará Kánádà kéde ní oṣù kejìlá ọdún 2020 pé orúkọ tí òun ń jẹ́ nìyẹn, àwọn tí ń kọ ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì ní láti yí gbogbo arọ́pò-orúkọ inú àyọkà rẹ̀ padà, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì kò lè sọ gbólóhùn méjì nípa ènìyàn láìsọ bóyá akọ ni tàbí abo. Nílé níbí, a ní Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ayélujára tí wọ́n sọ ní Idris Okuneye. Ó ti ń múra bí obìnrin fún ọdún pípẹ́. Ó ti sọ orísirísi ọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ lórí ayélujára. Nígbà tí ó ń jẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó ní oṣù kẹrin ọdún 2024 nítorí pé ó ń fọ́n owó náírà níbi àríyá, adájọ́ bi í, ó sì dáhùn pé ọkùnrin ni òun. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún un.

Ẹ padà wo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yìí. Èwo nínú rẹ̀ ni ó gbè sí ẹ̀yìn ẹnìkan? Mo sọ ohun tí ó ṣe, mo sọ ohun tí ó wí, "ó" sì gbé mi dé òpin. Òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ti ní láti dá ẹjọ́ kí ó tó parí ìlà kìn-ín-ní. N kò ní kí á máa fọ́nnu o. "Ó" ń bò wá láṣìírí nínú ìṣe, ṣùgbọ́n kété tí a bá kọ "òṣèrébìnrin" tàbí "olórin ọkùnrin", a ti dá ẹjọ́ náà, ọ̀pọ̀ àyọkà Yorùbá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìnídìí, nítorí pé wọ́n ń tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ìṣòro tiwa wà níbòmíràn. "Ó" tàbí "wọ́n"? Mo ti kà nínú ẹ̀dà Yorùbá nípa ọba tí ó dàgbà ju bàbá mi lọ, tí òǹkọ̀wé ń pè é ní "ó" bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ a máa wí fún mi pé ìwé ìmọ̀ kò gbọdọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni ju ẹlòmíràn lọ. Mo gbà fún wọn ní ti olórin àti ti olóṣèlú. Ní ti ìyá olórin náà, akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ "ó lóyún fún ọkùnrin mìíràn". Gírámà rẹ̀ kò lábùkù. Ṣé ó lè sọ gbólóhùn yẹn níwájú àtẹ wọn? Nígbà tí mo bi í, orí ni ó tẹ̀ sílẹ̀.

Ìjọba náà ní ohun tí ó wí. Abala 37 nínú Òfin-Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ ìlú, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ orí fóònù rẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014, òfin tí ó lòdì sí ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá dẹ́rù bani. Ẹ rò ó wò: gbólóhùn kan tí ọ̀dọ́ kan kọ ní Amsterdam nípa irú ẹni tí olórin kan ní Èkó ń fẹ́ràn, pẹ̀lú ìtọ́kasí tí ó péye, lè di ohun tí ọlọ́pàá yóò tẹ̀ jáde tí yóò sì gbé lọ́wọ́. Àwọn aṣòfin ìwé ìmọ̀ náà mọ èyí. Wọ́n ti ní kí á má ṣe to ẹnikẹ́ni sábẹ́ ìsọ̀rí bẹ́ẹ̀ àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ti sọ ọ́ ní gbangba, tí ó sì kan iṣẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n. Ìlànà náà dára. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí ó dé ọ̀dọ̀ ìyá, àti ọ̀dọ̀ bàbá tí ó ti kú, tí wọn kò kọrin rí.

Mo padà sí ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi. A jọ yọ gbólóhùn náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnìkan tí a kò mọ̀ ti dá a padà pé ó ní ìtọ́kasí. A yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, a sì ṣàlàyé pé òfin fúnra rẹ̀ ní kí á ṣọ́ra nípa mọ̀lẹ́bí tí kì í ṣe gbajúmọ̀. Pé ìwé ìròyìn kan ṣoṣo, tí ó fẹ́ràn òfófó, kò tó fún ọ̀rọ̀ tí ó wúwo báyìí. Pé kò sí orin kan nínú orin olórin náà tí gbólóhùn yìí ràn wá lọ́wọ́ láti lóye. Ó gba ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí ó yá, ẹni náà fi wá sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀dà tí a ti kọ rí ni ó ń bẹ lẹ́yìn ojú ewé lónìí, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ibi tí yóò tẹ̀ yóò sì kà á. Alábòójútó nìkan ni ó lè pa irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ mọ́. A kọ̀wé bẹ̀bẹ̀, wọ́n pa á mọ́. Àwọn ibòmíràn lórí ayélujára tí wọ́n ti da àyọkà náà kọ, apá wa kò ká wọn.

Mo padà lọ sí Boundary láti jíṣẹ́. Mo sọ fún ìyá pé a ti yọ ọ́.

"Ṣé ó ti lọ?" ni wọ́n bi mí.

Mo dákẹ́ díẹ̀, mo ní ó ti lọ níbi tí apá wa dé. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá fa ìwé ìròyìn àtijọ́ kan yọ lábẹ́ àtẹ, wọ́n fi wé ẹja mẹ́rin fún mi, wọn kò sì gba owó lọ́wọ́ mi.